Ẹ̀sùn Mẹ́fà Tí Mo Fi Kan Òǹwòran

Òǹwòran ni mo pè lẹ́jọ́. N kò pe olùdarí fíìmù, n kò pe òǹkọ̀wé, n kò sì pe òṣèré. Ojoojúmọ́ làwọn yẹn ń jẹ́jọ́: ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀, nínú kórópe tó ń ti Akútè bọ̀, níwájú ṣọ́ọ̀bù ìyá oníbúrẹ́dì. Ẹni tó ń dájọ́ fún wọn ni kò tíì dé iwájú adájọ́ rí, òun ni mo sì wá mú lónìí. Ará Àjùwọ̀n ni, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifọ̀, Ìpínlẹ̀ Ògùn, àmọ́ ẹ ó bá àbúrò rẹ̀ pàdé ní Mowe àti Ibafo, ẹ ó sì rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Peckham nílùú London.

Ọ̀ràn tó dá kò ju ẹyọ kan lọ, ẹ̀ka rẹ̀ ló pọ̀. Fíìmù tí wọ́n yọ láti inú ìwé ìtàn, tí ìfẹ́ àti ohun àràmàǹdà jọ wà nínú rẹ̀, tó yẹ kí tọmọtìyá jókòó wò, irú rẹ̀ ni ó máa ń fi ẹnu pa. Bó bá pa á tán, òun náà ni yóò tún máa béèrè pé kí ló dé tí irú rẹ̀ kò pọ̀ lédè wa. Ẹ̀yin òǹkàwé ni adájọ́. Ẹ jẹ́ kí n ka ẹ̀sùn.

Ẹ̀sùn kìíní: ó mú aṣọ, ó fi ìwé sílẹ̀.

Ní 1974 ni Akínwùmí Ìṣọ̀lá gbé Ó Le Kú jáde. Ìtàn Àjàní ni, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn tó ń wá ìyàwó, tí ọ̀rọ̀ Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé wá lọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní 1997, Túndé Kèlání sọ ọ́ di fíìmù, Yẹmí Ṣódìmú sì ṣe Àjàní. Kí ni òǹwòran rí mú nínú gbogbo rẹ̀? Ìró tí kò kọjá orúnkún. Fíìmù náà gbé aṣọ ìgbà èwe àwọn ìyá wa padà sóde, ni gbogbo télọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í rán Òlékú. Títí dòní, ẹ wọ ìsọ̀ télọ̀ ní Àjùwọ̀n kí ẹ ní Òlékú lẹ fẹ́, kò ní bi yín pé kí lẹ wí. Á ti fa téèpù láti ìbàdí yín dé orúnkún, á ní, "Ṣé kí n dá a dúró síbí, àbí kí n fi ìka méjì lé e?" Ẹ wá bi í pé ta ló kọ ọ́. Á ní, "Kọ kí ni? Fíìmù mà ni."

N kò bá télọ̀ wíjọ́, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Oníbàárà rẹ̀ ni mo ń bá wí, ìyá tó wọ Òlékú lọ síbi ìgbéyàwó, tó sì ń sọ lórí àga níbẹ̀ pé aláìnítìjú ni Àjàní, pé fíìmù yẹn ń kọ́ ọmọ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́. Kò ṣí ojú ewé kan rí nínú ìwé tí Àjàní ti jáde wá. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ni. Ìyá yìí kò tilẹ̀ gbọ́ ti ẹnìkan náà tán. Ìṣọ̀lá jáde láyé ní 2018. Àwọn tó ń wọ orúkọ ìwé rẹ̀ sọ́rùn pọ̀ púpọ̀ ju àwọn tó mọ̀ pé òun ló ni ín.

Ẹ̀sùn kejì: èyí tó ka ìwé fẹ́ kí fíìmù máa jẹ́ ìwé.

Òǹwòran kejì rèé, òun kàwé ní tirẹ̀, ìwé tó kà ló sì fi ń lu ènìyàn. "Kò rí bẹ́ẹ̀ nínú ìwé!" Bó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ẹjọ́ ti parí. Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé lè wọ inú ọkàn ènìyàn lọ, kí ó jókòó síbẹ̀ fún ojú ewé mẹ́wàá. Kámẹ́rà kò lè wọ inú ọkàn. Ojú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ nìkan ló ń rí. Olùdarí ní láti wá ohun tí a lè fojú rí fi dípò ohun tí òǹkọ̀wé rò.

Ìpínlẹ̀ Ògùn níbí ni ẹlẹ́rìí mi ti wá. Amos Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta, ló kọ The Palm-Wine Drinkard, tó jáde ní London ní 1952. Ọkùnrin kan ń wá ẹlẹ́mu rẹ̀ tó kú lọ sí ìlú àwọn òkú. Lójú ọ̀nà ló ti gba ọmọbìnrin kan sílẹ̀ lọ́wọ́ arẹwà ọkùnrin tí gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ jẹ́ yíyá, tó dá wọn padà fún olówó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí tó fi ku agbárí nìkan. Ọmọbìnrin náà ló fi ṣaya. Bí ẹ bá ń wá ìfẹ́ àti àràmàǹdà nínú ìtàn kan ṣoṣo, ibo lẹ tún ń lọ? Ní 1963, Kọ́lá Ògúnmọ́lá sọ ọ́ di eré orí ìtàgé lédè Yorùbá, èyí tí a mọ̀ sí Lánke Ọ̀mùtí. Kí ni Ògúnmọ́lá ṣe? Ó sọ gbogbo ìrìnàjò náà di àlá tí ọ̀mùtí lá. Tutùọlá kò sọ pé àlá ni. Ṣùgbọ́n pákó ìtàgé kéré, igbó àwọn ẹ̀mí sì fẹ̀. Àlá ló jẹ́ kí igbó gba orí pákó. Eré náà di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ká ní òǹwòran Àjùwọ̀n ti òde òní ló wà níwájú níbẹ̀ ni, ìran kejì ni ìbá ti dìde lọ.

Ẹ̀sùn kẹta: àjẹ́ òyìnbó lẹ́kọ̀ọ́ nínú, ti Yorùbá ni ẹ̀mí òkùnkùn.

Èyí ló dùn mí jù. Ẹ wọ pálọ̀ kan lọ́jọ́ Sátidé, jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìnkùlé. Harry Potter wà lórí tẹlifíṣọ̀n, ọmọ ọdún mọ́kànlá ń gun ìgbálẹ̀ fò, olùkọ́ ń kọ́ ọmọléèwé ní oògùn pípò. Bàbá wà níbẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n àgbà gba rìmóòtù, ó gbé Twilight sí i, fíìmù 2008 tí wọ́n yọ láti inú ìwé Stephenie Meyer: ọmọbìnrin kan ń kú nítorí ìfẹ́ òkú tó ń mu ẹ̀jẹ̀. Ìyá ń nu omijé ojú, ó ní ìfẹ́ òtítọ́ nìyẹn.

Ẹ wá fi Mágùn sí i, Thunderbolt tí Kèlání ṣe ní 2001 láti inú ìtàn Adébáyọ̀ Fálétí. Ìfẹ́ ni òun náà: Yínká, ọmọ Yorùbá, fẹ́ Ngozi, ọmọ Ìgbò. Ìfura wọlé sáàárín wọn, wọ́n fi mágùn sára ìyàwó, ọjọ́ tó kù fún un láyé wá di kíkà, dókítà òyìnbó àti oníṣègùn ìbílẹ̀ sì jọ ń wá ọ̀nà àbáyọ. Kí mágùn tó dé ibi kankan, ariwo ti sọ: "Ẹ pa á! Ẹ̀mí òkùnkùn!" N kò ní kí ẹ fi Mágùn han ọmọ ọdún mẹ́fà o, ìtàn àgbà ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé kì í ṣe ọjọ́ orí ọmọ ló mú wọn pa á. Orúkọ Yorùbá tí ohun náà ń jẹ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan lélẹ̀ fún ilé ẹjọ́. Ní 1938 tí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ ti D. O. Fágúnwà jáde, ilé ìtẹ̀wé ìjọ CMS ló tẹ̀ ẹ́. Àwọn míṣọ́nnárì rí irúnmọlẹ̀, iwin àti egbére, wọ́n tẹ̀ wọ́n, wọ́n sì tà wọ́n fún ọmọ léèwé. Ṣé òǹwòran Àjùwọ̀n wá mọ Ọlọ́run ju àwọn wọ̀nyẹn lọ ni?

Ẹ̀sùn kẹrin: ó jí fíìmù wò, ó tún ní kò mọ́lẹ̀.

Ẹnìkan gbé fíìmù sínú fláàṣì, ó tà á kiri. Òǹwòran rà á. Ó gbé e sí i, orí ẹnìkan kọjá láàárín àwòrán, ẹlòmíràn wúkọ́, ohùn òṣèré ń dún bí ẹni tó wà nínú kòtò. Sinimá ni wọ́n ti fi fóònù gbà á. Òǹwòran wò ó tán, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Àwọn oníṣẹ́ yìí kò mọ kámẹ́rà lò rárá."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó bà jẹ́. Ẹni tó kọ ìtàn fíìmù fúnra rẹ̀ kò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnìkan. Ẹni tó fẹ́ sọ ìwé di fíìmù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ bá ẹni tó ni ìwé, kí wọ́n ṣe àdéhùn, kí ó sanwó, kí ó tó gbé kámẹ́rà jáde. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ tí Ààrẹ Bùhárí fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023 fi ẹ̀tọ́ náà sọ́wọ́ òǹkọ̀wé, ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ẹ wo Àdììtú Olódùmarè ti Fágúnwà, 1961. Òṣì wà níbẹ̀, igbó ẹlẹ́rù wà níbẹ̀, Àdììtú àti Ìyùnadé sì ń kọ lẹ́tà ìfẹ́ síra wọn. Kò sí ohun tí ìdílé fẹ́ wò tí kò sí nínú rẹ̀. Fágúnwà kú ní 1963, nítorí náà ẹ̀tọ́ ìwé rẹ̀ wà títí di òpin 2033. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é lónìí yóò sanwó ìwé, yóò sanwó igbó, yóò sanwó iwin. Ẹni tó bá ra irú fíìmù bẹ́ẹ̀ nínú fláàṣì jalè lẹ́ẹ̀mejì: ó ja olùdarí lólè, ó ja òǹkọ̀wé lólè. Ta ni yóò tún dán an wò?

Ẹ̀sùn karùn-ún: ó dá ẹjọ́ fíìmù tí kò tíì rí.

Ní 2018, Tomi Adeyemi, ọmọ tí àwọn òbí Nàìjíríà bí sí Amẹ́ríkà, kọ Children of Blood and Bone. Ó mú òrìṣà àti èdè wa, ó fi dá ayé kan tí idán ti kú níbẹ̀. Ọmọbìnrin kan, Zélie, fẹ́ jí idán náà, ìfẹ́ sì dé sáàárín òun àti ọmọ ọba tó ń lé e. Nígbà tí wọ́n kéde àwọn òṣèré fíìmù rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, tí Gina Prince-Bythewood ń darí, ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kí ló dé tí Thuso Mbedu, ọmọ South Africa, fi jẹ́ Zélie? Kí ló dé tí kò fi jẹ́ ọmọ Yorùbá? Òǹwòran kò dúró rí i pé Damson Idris tó jẹ́ ọmọ ọba, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní London ni.

Ìbéèrè náà kò burú. Ẹni tó ń béèrè ni mo ń wò. Òǹwòran tó fẹ́ kí Hollywood sọ Yorùbá tó já gaara ló ń san owó iléèwé fún ọmọ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ "fanákúlà". Ọmọ náà yóò jókòó wo Zélie tó ń pe ọfọ̀, kò ní mọ ọ̀kan. Ó di kí ó ka àkọlé Gẹ̀ẹ́sì lábẹ́ àwòrán bíi ti àwọn ará Chicago. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ẹ̀sùn kẹfà: ó ń sọ ìparí.

Èyí kò gùn. Nínú ọkọ̀, nígbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti dé, ni yóò gbé e sókè: "Ọkùnrin yẹn máa kú níkẹyìn o!" Èrò mẹ́ta tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbèrò láti wò ó wà níbẹ̀. Ẹ kọ èyí sílẹ̀, kí ẹ má fi ojú kékeré wò ó.

Ẹnu olùjẹ́jọ́ kò dí. Ó ní iná kò sí, epo jẹnẹrétọ̀ wọ́n, ọ̀nà Àjùwọ̀n kò dára, owó ọkọ̀ dé sinimá Ìkẹjà á ti tó owó tíkẹ́ẹ̀tì, àti pé ìwé Yorùbá ṣòro rí rà ládùúgbò. Òótọ́ ni ó sọ, mo sì gbà á. Ó ní àwọn oníṣẹ́ fíìmù náà jẹ̀bi: wọ́n ń ju àmì ohùn nù, àkọlé Gẹ̀ẹ́sì wọn kún fún àṣìṣe, wọn kì í fi orúkọ òǹkọ̀wé síbi tí ojú ti lè rí i. Òótọ́ ni èyí náà, ẹjọ́ tiwọn ń bọ̀. Ṣùgbọ́n fláàṣì tó fi wo fíìmù olè, owó ló fi rà á. Owó kọ́ ni kò sí.

N kò ní kí ẹ jù ú sẹ́wọ̀n, n kò sì ní kí ó dákẹ́, nítorí fíìmù tí ẹnìkan kò bá bú kì í dára sí i. Ohun tí mo bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ pàṣẹ fún un: kí ó tó dájọ́ fíìmù mìíràn, kí ó mọ orúkọ ẹni tó kọ ìwé rẹ̀; kí ó san owó ọ̀kan, ó kéré tán, lọ́nà tó tọ́; kí ó jókòó ti ọmọ rẹ̀, kí ó máa túmọ̀ ọfọ̀ fún un dípò rìmóòtù tó ń yìn bí ìbọn. Lẹ́yìn náà kí ó bú u bó ṣe wù ú.

Títí di ìgbà náà, kò lẹ́nu láti béèrè pé níbo ni irú fíìmù bẹ́ẹ̀ wọ̀ sí. Òun ló pa á. Ó jẹ̀bi ẹ̀sùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.