Olùkọ́ Tí Ó Gbàgbé

Ọ̀ràn kan wà tí a fẹ́ bá àwọn ọ̀gá ilé-ìwé gbé yẹ̀ wò lónìí. Bí olùkọ́ kan bá ṣe àìsàn ọpọlọ tí àwọn dókítà ń pè ní báípólà, nígbà mìíràn ara rẹ̀ a yá ju bí ó ti yẹ lọ, kò ní sùn, ọ̀rọ̀ kò ní tán lẹ́nu rẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ìbànújẹ́ a bò ó mọ́lẹ̀. Ó gba ìtọ́jú, ara rẹ̀ balẹ̀, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Kò pẹ́ tí ìráhùn fi bẹ̀rẹ̀. Ó gbàgbé ìpàdé. Ó dúró níwájú pátákó pẹ̀lú ẹfun lọ́wọ́, kò rántí ibi tí ó bá ìṣirò dé. Wọ́n ní ọ̀lẹ ni.

A kò fara mọ́ irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti rí i pé ìgbàgbé àti àìlèfọkànsí nǹkan a máa bá púpọ̀ nínú àwọn aláìsàn yìí gbé, àní nígbà tí ara wọn bá ti balẹ̀. Àìsùn a máa dá kún un. Oògùn mìíràn a sì máa mú orí wúwo. Dókítà ni kí aláìsàn sọ èyí fún, kí ó má ṣe dá oògùn dúró fúnra rẹ̀.

Ní Arò, ní Abẹ́òkúta, láti ọdún 1954, Dókítà Adeoye Lambo fi àwọn aláìsàn ọpọlọ sí ilé àwọn ará abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, tí wọ́n ń gba ìtọ́jú láàárín ènìyàn. Bí ará abúlé bá lè gbà wọ́n mọ́ra, kí ni ó dé tí yàrá àwọn olùkọ́ kò lè ṣe é?

Ohun tí a ń bèèrè kò náni lówó. Kí ọ̀gá kọ ọ̀rọ̀ ìpàdé sínú ìwé, kí ó má kàn fẹnu sọ ọ́ lójú ọ̀nà. Kí olùkọ́ náà máa yọjú wo ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀ láìsí ẹlẹ́yà. Àwa tí a ti di ẹfun mú rí mọ̀ pé àwa náà ń yọjú. Òfin Ìlera Ọpọlọ tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní ọdún 2023 lòdì sí yíya irú ẹni bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n òfin Àbújá kì í dá rìn dé ilé-ìwé abúlé. Kí àwọn ìgbìmọ̀ tí ń gba olùkọ́ síṣẹ́ ní àwọn ìpínlẹ̀ wa kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá ilé-ìwé lórí ọ̀ràn yìí kí sáà tí ń bọ̀ tó wọlé.