Ẹ Sanwó Àyẹ̀wò Kí Ẹ Tó Sanwó Pọ́m̀pù

Àwa tí a ní píkọ́ọ̀pù oní-dísẹ́ẹ̀lì àtijọ́ ní Èkìtì yìí, àwa gan-an la ń fi owó wa kọ́ àwọn mẹkáníìkì ní ìwà tí a fi ń bú wọn. Tí ọkọ̀ kò bá fà mọ́, a ó wà á lọ sí ṣọ́ọ̀bù, a ó ní "ẹ bá mi wò ó," a ó sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Bí ọ̀gá bá yẹ̀ ẹ́ wò títí, tó wá rí i pé fítà dísẹ́ẹ̀lì ló dí, kí la máa ń fún un? Owó fítà, àti "ẹ ṣé o." Ṣùgbọ́n bó bá ní pọ́m̀pù ló kú, tàbí pé àfi kí a sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀, ìgbà yẹn la ó tó máa ná an, owó gidi á sì bọ́ sí i lọ́wọ́. Ẹ wá sọ fún mi, èwo nínú àìsàn méjèèjì lẹ rò pé wọn yóò máa rí lára ọkọ̀ wa?

Hilux ni tèmi. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní 5L: lítà 3, kò ní tọ́bò, kò sì ní kọ̀ǹpútà kankan tó lè sọ ohun tó ń ṣe é. Tíṣà sáyẹ́ǹsì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ní báyìí, oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mò ń dá lẹ́bàá Àrámọkọ, Hilux yìí la sì fi ń kó o wá tà ní Adó. Nígbà míì a ń gba Ìtawùrẹ́ gòkè lọ sí Ẹ̀fọ̀n. Òkè Ẹ̀fọ̀n kì í ṣojúsàájú. Ọkọ̀ tó ń sáré geere láti Ìyìn dé Ìgèdè lè dé ibẹ̀ kó máa rá pálá nínú jíà kejì, kí àwọn ọlọ́kadà máa kọjá lára rẹ̀.

Nígbà òjò kan, ọkọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í kọ òkè. Ó ń ṣáná, ó ń dún dáadáa lójú kan, àmọ́ bí ẹrù bá ti wà lẹ́yìn rẹ̀ tí a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ńṣe ló máa rọ. Ọ̀gá tí mo gbé e lọ bá kò tíì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tán tó fi ní, "Màmá, pọ́m̀pù ti kú. Ẹ jẹ́ kí n ní kí wọ́n bá wa wá tòkunbọ̀ ní ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó."

Mo ní, "Ọ̀gá, kí lẹ fi mọ̀?"

Ó ní ojú iṣẹ́ ni. Ojú iṣẹ́ dára, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, owó pọ́m̀pù tòkunbọ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbé kalẹ̀ torí ojú iṣẹ́ nìkan. Mo yarí.

Ìdí tí mo fi yarí nìyí. Ẹ́ńjìnnì tí Rudolf Diesel, ará Jámánì, mú ṣiṣẹ́ ní ìlú Augsburg ní ọdún 1897 kò ní pulọ́ọ̀gì tó ń ṣá iná sí epo. Afẹ́fẹ́ ló ń fún pọ̀ títí yóò fi gbóná kọjá ìwọ̀n 500 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ẹ̀yìn náà ló máa fọ́n epo sí i, tí iná á sì sọ. Bí ti òní ṣe ń ṣe náà nìyẹn. Afẹ́fẹ́ àti epo, kò tún jẹ nǹkan mìíràn. Nítorí náà, bí agbára rẹ̀ bá lọ, ohun tí a óò kọ́kọ́ béèrè ni èwo nínú méjèèjì ni kò dé ibẹ̀ tó, ẹnu sàlẹ́ńsà ló sì ń dáhùn. Bó bá ń tú èéfín dúdú bó ṣe ń gòkè, epo ń wọlé, afẹ́fẹ́ ni kò tó: ẹ lọ wo fítà afẹ́fẹ́, pàápàá lẹ́yìn ọ̀yẹ́, tàbí bó bá jẹ́ ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ pupa lẹ ń rìn. Búlúù, ọ́ìlì ló ń jó. Funfun tí kò lọ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, epo kan wà tó ń wọlé tí kò jóná, tàbí kí omi ti wọ ibi tí kò yẹ. Bí kò bá wá sí èéfín rárá, tí ọkọ̀ kàn ń kú lọ bí ẹni tó ń tòògbé, epo ni kò dé.

Tèmi kò tú èéfín kankan. Ìyẹn jẹ́ kí n mọ̀ pé ojú ọ̀nà epo ni kí a máa wò. Ṣùgbọ́n ọ̀nà epo gùn: ó bẹ̀rẹ̀ láti inú táǹkì, ó gba abẹ́ ọkọ̀, ó gba inú fítà, kó tó dé pọ́m̀pù. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé ibi tó wọ́n jù lójú ọ̀nà náà ni a kọ́kọ́ dájọ́ ikú fún?

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ onímọ́tò kò rò. Pọ́m̀pù yìí ló ń fi agbára ara rẹ̀ fa epo wá láti ẹ̀yìn. Rọ́bà tó bá là lójú ọ̀nà tó ń gbà fà á kì í jò sílẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Afẹ́fẹ́ ló máa ń fà wọlé, bí ìgbà tí ọmọdé ń fi sítírọ́ọ̀ tó ti là mu Fanta. Ilẹ̀ á gbẹ, ẹ ò ní gbóòórùn epo, ẹ ó sì búra pé kò síbi tó ń jò.

Kẹ́ẹ̀gì la fi mú un. Mo ní kí ọ̀gá yọ rọ́bà tó ti ara fítà wọ pọ́m̀pù, kó fi rọ́bà tuntun, irú èyí tó mọ́ gaara tí a ń rí inú rẹ̀, so pọ́m̀pù mọ́ kẹ́ẹ̀gì dísẹ́ẹ̀lì tó mọ́. A de kẹ́ẹ̀gì náà mọ́ òrùlé ọkọ̀ lókè orí dírẹ́bà, kí epo lè máa sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. A lé afẹ́fẹ́ jáde nínú rọ́bà, a ṣáná, a wà á lọ sí ọ̀nà Ìyìn pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn. Ó fà! Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló wà á, òun ló sì kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Pọ́m̀pù tí wọ́n ti fẹ́ sin tẹ́lẹ̀ ló ń gbé wa lọ yẹn.

A dá rọ́bà ti tẹ́lẹ̀ padà sáyè rẹ̀, ọkọ̀ tún rọ. A pa fítà dà, kò yàtọ̀. A wá fi rọ́bà gaara yẹn sí àárín páípù tó ń bọ̀ láti táǹkì àti fítà, a tẹ ẹ́ńjìnnì sókè, làwọn hóró afẹ́fẹ́ bá ń tò kọjá nínú epo bí ìlẹ̀kẹ̀. Ọmọṣẹ́ kan wọ abẹ́ ọkọ̀. Rọ́bà kékeré kan, ìwọ̀n ìka ọwọ́, ló ti là sábẹ́ kílíìpù, níbi tí ojú kò lè tó àyàfi tí a bá tú u. Owó rẹ̀ kò tó owó ọkọ̀ tí yóò gbé èèyàn lọ sí Ládípọ̀.

Nígbà tí a ṣe tán, ọ̀gá sọ gbólóhùn kan tí mo fi ń kọ nǹkan yìí. Ó ní, "Màmá, ẹlòmíràn kò ní sanwó gbogbo wíwá tí a wá yìí o. Owó rọ́bà ni yóò fún mi." Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Kì í ṣe olè. Ó níyàwó, ó lọ́mọ, ó ń sanwó ṣọ́ọ̀bù, àwa oníbàárà rẹ̀ sì ti jẹ́ kó yé e pé ọpọlọ rẹ̀ kò ní iye lórí, àyàfi ohun tó bá tú sílẹ̀. Ẹni tó bá rí rọ́bà tó là ni ebi máa pa, ẹni tó sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ ni yóò jẹun.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní ọkọ̀ àtijọ́ ni, pọ́m̀pù rẹ̀ ti gbó, kò sí àṣírí kankan níbẹ̀. Pọ́m̀pù ń gbó lóòótọ́. Bí a bá fi kẹ́ẹ̀gì dán ọkọ̀ wò tí kò sì yí padà, mo gbà, ọ̀rọ̀ ti kúrò lójú ọ̀nà epo nìyẹn. Síbẹ̀, kó tó kan pọ́m̀pù, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ dé òpin kí ẹlòmíràn wò ó bóyá okùn irin tó ti ẹsẹ̀ dírẹ́bà lọ ń fa apá pọ́m̀pù dé òpin. Ẹ fọwọ́ kan àwọn táyà lẹ́yìn ìrìn bóyá bíréèkì ló ń di ọ̀kan mú. Ẹ wò ó bóyá kílọ́ọ̀ṣì ló ń yọ̀. Bí gbogbo ìyẹn bá dára, kí wọ́n wo ojú àmì bẹ́líìtì táímìn, kí wọ́n sì fi gééjì wọn kọ̀m̀pírẹ́ṣọ̀n. Ìyẹn ni yóò sọ bóyá inú ẹ́ńjìnnì gan-an ló ti lọ.

Kí àwa náà má sì ṣe bí ẹni pé ọwọ́ wa mọ́. Láti ìgbà tí dísẹ́ẹ̀lì ti gbówó lórí, ọ̀pọ̀ wa ló ń ra èyí tí wọ́n ń tà nínú dírọ́ọ̀mù lẹ́bàá ọ̀nà. A ò mọ̀ bóyá omi òjò ti wọ̀ ọ́, a ò mọ̀ bóyá èyí tí wọ́n sè nínú igbó ní Niger Delta ni. Ẹ bu díẹ̀ sínú ìgò funfun kó sùn mọ́jú. Omi wúwo ju dísẹ́ẹ̀lì lọ, ìsàlẹ̀ ni ẹ ó ti bá a. Ìdè kékeré kan sì wà nísàlẹ̀ fítà tí a fi ń da omi jáde. Mélòó nínú wa ló ti tú u rí?

Àbá mi kò pọ̀. NATA, ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì, lè dá iye kan lé àyẹ̀wò ní Èkìtì, kí wọ́n kọ ọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù bí ilé oúnjẹ ṣe ń kọ iye ìrẹsì. Fẹ́dírà Póòlì tó wà ní Adó níbí ní ẹ̀ka tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ ẹ̀rọ. Bí wọ́n bá lè máa pe àwọn ọmọṣẹ́ jọ ní ọjọ́ Sátidé, kí wọ́n fi gééjì hàn wọ́n, kò burú. Ṣùgbọ́n n kò ní dúró de ìjọba tàbí ẹgbẹ́. Èmi àti ọ̀gá tí mò ń lò báyìí ti jọ sọ ọ́: iye àyẹ̀wò la máa ń kọ́kọ́ fẹnu kò sí, kó tó mú sípánà. Mo máa ń fi owó náà lé e lọ́wọ́ lọ́tọ̀, kódà bó bá jẹ́ kílíìpù kan péré ló fún le.