Jẹ̀díjẹ̀dí: Orúkọ Kan, Àrùn Púpọ̀

Díẹ̀ ni àrùn tí a ń dárúkọ rẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá tó jẹ̀díjẹ̀dí, díẹ̀ sì ni èyí tí a ń tijú láti fi han dókítà tó o. Bí ẹ̀jẹ̀ bá hàn nínú ìgbẹ́, a ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Bí ìdí bá ń yọ, bí inú bá ń run, bí ẹ̀yìn bá ń dun ni, bí agbára ọkùnrin bá dínkù, jẹ̀díjẹ̀dí náà ni. Orúkọ kan ṣoṣo ni a fi bo àrùn púpọ̀ mọ́lẹ̀, oògùn kan náà ni ọ̀pọ̀ sì ń mu fún gbogbo wọn: agbo tí a fi ọtí ògógóró rẹ, tí a ń tà ní ọjà àti ní ibùdókọ̀. Àṣà yìí ń ṣe ìpalára, ó sì yẹ kí a tún un rò.

Ohun tí àwọn dókítà mọ̀ sí jẹ̀díjẹ̀dí kò ṣòro láti yé ni. Ẹlẹ́dàá fi tìmùtìmù kéékèèké tí ó kún fún iṣan ẹ̀jẹ̀ sí ìpẹ̀kun ìfun olúkúlùkù ènìyàn, kí ó lè ṣeé ṣe láti di ìgbẹ́ àti afẹ́fẹ́ mú. Nígbà tí ìgbẹ́ bá le, tí ènìyàn sì ń fi agbára tì í jáde lójoojúmọ́, àwọn tìmùtìmù wọ̀nyí a wú, wọn a sì sọ̀ kalẹ̀. Èyí tí ó wà nínú kì í sábà dun ni. Ẹ̀jẹ̀ pupa yòò ni a ó rí lẹ́yìn ìgbẹ́, tàbí kí ẹran yọ jáde ní ìdí. Èyí tí ó wà lóde a máa yún ni, bí ẹ̀jẹ̀ bá sì dì nínú rẹ̀, ìrora rẹ̀ a pọ̀. Aláboyún a máa ní i, nítorí ìwúwo oyún. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ń jókòó pẹ́ jù ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ọ̀pọ̀ òbí ní ń sọ fún ọmọ wọn pé ṣúgà ni ó ń fa àrùn náà. Ohun dídùn kì í fi jẹ̀díjẹ̀dí sí ìdí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi ohun dídùn àti búrẹ́dì funfun kún inú rẹ̀ kò ní àyè fún ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà, ìgbẹ́ rẹ̀ a sì le. Ibẹ̀ ni ewu wà.

Dókítà Denis Burkitt, onígbàgbọ́ ọmọ ilẹ̀ Írẹ́lándì, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ní Ùgáńdà ní ọdún 1946. Ó kíyèsí i pé àwọn ará oko tí ń jẹ oúnjẹ pẹ̀lú èèpo àti eèrí rẹ̀, ìgbẹ́ wọn a máa pọ̀, a sì máa rọ̀. Láàárín ọdún 1970 sí 1979 ó kéde rẹ̀ fún àwọn Òyìnbó pé oúnjẹ tí wọ́n ń lọ̀ kúnná jù ni ó ń gbẹ ìfun wọn. Àwọn mìíràn jiyàn pẹ̀lú rẹ̀ lórí àrùn mìíràn, ṣùgbọ́n lórí ìgbẹ́ líle ọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró.

Nítorí náà, oko ni oògùn yìí ti kọ́kọ́ wà: tẹ̀tẹ̀, ewédú, ilá, ẹ̀wà, otíìlí, àgbàdo, ìbẹ́pẹ. Ṣùgbọ́n a ń fa omi ọsàn mu, a sì ń sọ ẹran inú rẹ̀ nù. A ń sẹ́ ògì, a sì ń kó eèrí rẹ̀ fún ewúrẹ́. Kí àgbẹ̀ máa gbé omi lọ sí oko, kí ó sì máa mu ún kí òùngbẹ tó gbẹ ẹ́. Bí ìgbẹ́ bá ń gbọ̀n ọ́n, kí ó má ṣe dá a dúró títí di alẹ́. Ẹni tí ìdí ń dùn, kí ó jókòó sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́.

A kò lè jiyàn pé ewé àsùnwọ̀n ń ṣí inú. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Agbo líle a máa sọ ìgbẹ́ di omi, ìgbẹ́ gbuuru a sì tún máa ta ìdí tí ó ti ń dun ni tẹ́lẹ̀. Ọtí inú rẹ̀, bí a bá ń mu ún lójoojúmọ́, a máa ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Ewu tí ó tóbi jù ni pé kì í ṣe gbogbo ẹ̀jẹ̀ ni ti jẹ̀díjẹ̀dí. Ìgbẹ́ ọ̀rìn ń mú ẹ̀jẹ̀ wá. Jẹjẹrẹ inú ìfun náà ń mú un wá, ó sì lè máa dàgbà ní gbogbo ìgbà tí ènìyàn fi ń ra agbo. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dàpọ̀ mọ́ ìgbẹ́, bí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, bí ara bá ń rù, tàbí bí ìṣe inú bá yí padà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí a má ṣe dúró. Àyẹ̀wò dókítà kò pẹ́. Bí ó bá jẹ́ jẹ̀díjẹ̀dí, ó lè fi rọ́bà kékeré dè é kí ó já bọ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Èyí tí ó bá pọ̀ jù, iṣẹ́ abẹ wà fún un, irú èyí tí Milligan àti Morgan kọ ìwé lé lórí ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1937, tí a sì ń ṣe títí di òní.

Ìtìjú ni ó ń dí ọ̀nà. Àwọn mìíràn ka ìyọdí tí ó bá àwọn Fílístínì nínú Ìwé Sámúẹ́lì Kìíní, orí 5, wọ́n sì rò pé àmì ègún ni. Kí wọ́n ka Jòhánù orí 9 pẹ̀lú, níbi tí Olúwa kò ti gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ afọ́jú náà tàbí ti àwọn òbí rẹ̀ ni ó fa ìfọ́jú rẹ̀. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ẹni tí ó bá rí ẹ̀jẹ̀, kí ó fi han dókítà kí ó tó ra ìgò agbo.