Eyín Funfun àti Ìmọ́lẹ̀ Lésà

Láti ayébáyé ni àwọn Yorùbá ti ka eyín funfun mọ́ ẹwà ènìyàn. Bí ọmọge adúmáadán bá rẹ́rìn-ín, tí eyín rẹ̀ funfun gbòò, tí èéjí sì là á láàárín, wọn a máa yìn ín, wọn a sì máa yin ìyá tí ó bí i. Kò yani lẹ́nu, nítorí náà, pé ọ̀rọ̀ fífi ìmọ́lẹ̀ lésà sọ eyín di funfun lọ́dọ̀ oníṣègùn kò dúró sí Èkó mọ́. Fóònù ti gbé àwòrán rẹ̀ dé Mọníyà, Lálúpọn àti Akanran, ó sì ń wọ àwọn ọ̀dọ́ lójú, pàápàá àwọn tí ọjọ́ ìgbéyàwó wọn ti sún mọ́lé.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe idán. Oníṣègùn a kọ́kọ́ fi nǹkan bo erìgì kí oògùn má ba à jó o. Lẹ́yìn náà, a fi oògùn líle kan, háídírójìn pẹróksáídì, kun ara eyín, a sì tan ìmọ́lẹ̀ sí i fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Oògùn yìí ni ó ń wọ inú eyín lọ, tí ó ń pa àwọ̀ tí ó ti rin sínú rẹ̀ rẹ́. Ìmọ́lẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ń pariwo rẹ̀ kò ju olùrànlọ́wọ́ lọ. Ọ̀pọ̀ ìwádìí ti fi hàn pé ohun tí ó ń fi kún iṣẹ́ oògùn náà kò tó nǹkan. Funfun náà kì í sì í ṣe títí ayé. Ẹni tí ó bá padà sídìí obì àti sìgá yóò rí i pé ó ń ṣá díẹ̀díẹ̀.

Kò sí ohun tí ó burú nínú iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ipò tí àwọn ènìyàn fi í sí ni kò tọ́, nítorí ẹnu tí ó ní ìlera ni ó wà fún. Àgbẹ̀ tí ń jẹ obì lórí ebè láti òwúrọ̀, tàbí àgbà tí ń jẹ tábà, ara òde eyín wọn ni dúdú náà wà jù. Bí oníṣègùn bá ha ẹ̀gbin tí ó gan mọ́ ìdí eyín wọn kúrò, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò rí i pé eyín àwọn kò dúdú rí. Ti ẹni tí wọ́n fún ní tẹtirasáíkílìn ní kékeré, tàbí tí ìyá rẹ̀ lò ó nínú oyún, yàtọ̀. Inú eyín lọ́hùn-ún ni àwọ̀ tirẹ̀ wà, lésà pàápàá a sì máa bá a jìjàkadì. Ẹ̀bi kò sí lọ́rùn irú ẹni bẹ́ẹ̀, bí ó bá sì wá ìrànlọ́wọ́, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi í ṣẹ̀sín.

Ṣùgbọ́n ọmọge tí eyín rẹ̀ ti lu, tí erìgì rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ ní àràárọ̀, tí ó wá ń tu owó jọ nítorí lésà, ó dàbí onílé tí ń kun ògiri nígbà tí òrùlé ń jò. Oògùn náà yóò wọ inú ihò eyín, ìrora rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré.

Ti àwọn tí owó wọn kò ká lésà tilẹ̀ burú jù. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti èédú ni wọ́n fi ń ra eyín. Omi kíkan náà ń jẹ ara òde eyín, èédú sì ń ha á, bẹ́ẹ̀ ni ara òde yìí kì í hù padà. Ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ kò sì funfun tó o. Àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí àgbàdo. Ẹni tí ń wá funfun ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ra eyín pípọ́n.

Ní àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù, láti ọdún 2012, òfin kò gbà kí wọ́n lo oògùn yìí fún ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 18, bí agbára rẹ̀ bá ju ìwọ̀n 0.1 nínú 100 lọ. Ọmọ ilé-ìwé ní Akínyẹlé kò yẹ ní ààbò tí ó kéré sí ti ọmọ Párís.

Àwọn kan yóò wí pé owó ẹni ni ẹni fi í ṣe ohun tí ó wuni. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ará oko kì í rí oníṣègùn eyín àfi bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú. Nígbà náà ni wọ́n tó wọkọ̀ láti Ìyànà Ọ̀fà lọ sí ilé-ìwòsàn ńlá UCH, tí wọ́n ṣí ní Ìbàdàn ní ọdún 1957. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ni ènìyàn yóò lọ, yíyẹ eyín wò, fífọ̀ ọ́ àti dídí ihò rẹ̀ ni ó yẹ kí owó náà kọ́kọ́ lọ sí.

Orín ata àti pákò Ìjẹ̀bù ṣì wà lọ́jà, wọn kò sì wọ́n. Àárọ̀ nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rán an, lẹ́yìn ilé, pẹ̀lú ife omi kan. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, wọn a jẹun tán, wọn a sì gbé ẹnu bẹ́ẹ̀ lọ sùn, bẹ́ẹ̀ òru gan-an ni itọ́ tí ń ṣan eyín máa ń dín kù jù.