Èémí Òkun Ń Dín Kù: Ṣé Ayé Fẹ́ Parẹ́ Ni?

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa, àwọn kan ń sọ ọ́ kiri pé afẹ́fẹ́ ọ́síjìn inú òkun ń tán lọ, àti pé láìpẹ́ ọmọ ènìyàn kò ní rí afẹ́fẹ́ mí mọ́. Ẹni tí ó ní ìmọ̀ kò gbọdọ̀ fi ìbẹ̀rù dá irú ọ̀rọ̀ yìí lóhùn, kò sì gbọdọ̀ fi ẹ̀rín dá a lóhùn.

Òtítọ́ ni pé láàrin ọdún 1960 sí 2010, ọ́síjìn inú òkun àgbáyé fi nǹkan bí ìdá 2 nínú ìdá 100 dín kù. Ooru ayé tí ó ń pọ̀ sí i ni olórí ohun tí ó fà á. Bí ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí a gbé sínú oòrùn ṣe ń pàdánù afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni omi tí ó gbóná kì í lè gba ọ́síjìn púpọ̀ mọ́ra.

Ṣùgbọ́n èémí tiwa kọ́ ni ewu yìí dojú kọ. Nínú ìdá 100 afẹ́fẹ́ tí ó yí wa ká, nǹkan bí ìdá 21 ni ọ́síjìn, àìmọye mílíọ̀nù ọdún ni ó sì fi kó jọ. Lóòótọ́, àwọn ewéko wẹ́wẹ́ inú òkun ń pèsè nǹkan bí ìdajì ọ́síjìn tí ń jáde lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀dá inú òkun fúnra wọn ni ó ń lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Kí a má sì tìtorí èyí sùn lọ. Ènìyàn lè máa mí, kí ẹja máa kú. Ní Amẹ́ríkà, òjò máa ń gbá ajílẹ̀ oko wọ odò Mississippi, odò náà a sì gbé e lọ sínú òkun Mẹ́síkò. Ewéko inú omi a hù ju bí ó ti yẹ lọ, a kú, a sì rì. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń jẹ ẹ́ ni ó ń lo ọ́síjìn tán. Ní ọdún 2017, ibi tí èyí ṣẹlẹ̀ sí níbẹ̀ fẹ̀ ju ìlọ́po mẹ́fà Ìpínlẹ̀ Èkó lọ. Ẹja tí ó lè sá a sá. Èyí tí kò lè sá a kú. Ẹ rántí pé òkun òkèèrè ni púpọ̀ nínú ẹja yìnyín tí a ń rà lọ́jà wa ti ń wá.

Ẹ wo Òkun Dúdú pẹ̀lú. Irú ajílẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí odò Danube ń gbé wá, ba apá kan rẹ̀ jẹ́ láti nǹkan bí ọdún 1970. Nígbà tí ètò ọrọ̀ ajé àwọn ìjọba Kọ́múníìsì wó lulẹ̀ ní ìparí 1980 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1990, ajílẹ̀ dín kù lóko, omi náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sàn. Ohun tí ọwọ́ ènìyàn bàjẹ́, bí ó bá ká ọwọ́ náà kúrò, a lè rí àtúnṣe.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìgbọ̀nsẹ̀ tí à ń darí sínú odò àti ọ̀sà ń ṣe iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú ajílẹ̀ yẹn. Ẹ kọ̀ ọ́ ní àdúgbò yín. Kí àgbẹ̀ inú yín máa wọn ajílẹ̀ kí ó tó dà á. Kí akẹ́kọ̀ọ́ inú yín mọ ìmọ̀ yìí dáadáa, kí ó lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Amánà ni ayé jẹ́ lọ́wọ́ wa. A ó sì jíhìn rẹ̀.