Ọ̀dà Ọkọ̀ Àtijọ́: A Kì í Fi Ẹ̀tẹ̀ Sílẹ̀ Pa Làpálàpá

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ yìí lè má dùn mọ́ gbogbo wa nínú, nítorí ó kan ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wí pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ọ̀rọ̀ náà ni ti ọ̀dà ara ọkọ̀ wa tí ó ń ṣí, àti owó tí a ń ná lé e lórí.

Gbogbo wa ni a mọ̀ pé bí Iléyá tàbí Kérésìmesì bá ti ń súnmọ́lé, ọ̀dọ̀ àwọn pẹ́ńtà ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wa ń sùn. Ọkọ̀ tí ó ti lo ogún ọdún láyé yóò wọlé ní funfun bí ẹni tí ó fi eérú pa ara, yóò sì jáde ní dídán bí ìyàwó tuntun. Àwa tí a ń kọ ìwé ẹgbẹ́ mọ ibi tí owó náà ti ń wá. Ẹlòmíràn yá a nínú àpò ẹgbẹ́, ẹlòmíràn kó èésú lé e, ẹlòmíràn sì dá owó ilé-ìwé ọmọ dúró ná. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Kò sí ẹni tí ó fẹ́ kí ará ilé wò ó kí wọ́n wí pé, “Ṣé ohun tí lágbájá rí kó bọ̀ láti Kánò nìyí?”

A kò wí pé kí ènìyàn má ṣe afínjú. Ohun tí a ń wí ni pé ètò tí a ń tẹ̀ lé kò tọ́. Ojú ọkọ̀ ni a ń tọ́jú, a kò tọ́jú egungun rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ó ń ṣe ọ̀dà. Ọ̀dà tí ilé-iṣẹ́ kùn sára ọkọ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Ti ìsàlẹ̀ ni ó ń dáàbò bo irin, ti àárín ni ó ní àwọ̀, ti òkè sì ni ọ̀dà aláìláwọ̀ tí ń dán, èyí tí àwọn pẹ́ńtà ń pè ní kílíà. Bí a bá kó gbogbo wọn pọ̀, wọn kò nípọn ju ìwé kan tàbí méjì tí a fi ń kọ lẹ́tà lọ. Oòrùn ń tú ohun tí ó so ọ̀dà pọ̀ ká díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi ṣá, tí yóò sì máa ṣí bí awọ ejò. Òrùlé àti bọ́nẹ́ẹ̀tì ni ó kọ́kọ́ ń hàn lára wọn, nítorí àwọn ni wọ́n dojú kọ ọ̀run. Nígbà tí oòrùn bá sì ṣe tirẹ̀ tán, ọyẹ́ yóò gbé erùpẹ̀ aṣálẹ̀ dé láti ọ̀nà ilẹ̀ Chad, erùpẹ̀ náà yóò sì máa ha ohun tí oòrùn bá ṣẹ́ kù.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ju ọkọ̀ lọ. Ní 1975 ni ilé-iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí to ọkọ̀ ní Kàdúná, 504 sì gba gbogbo títì ilẹ̀ wa kan. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbà náà kò ní kílíà rárá, ọ̀dà aláwọ̀ gan-an ni ó wà lókè. Láti àwọn ọdún 1980 wá ni kílíà ti gbilẹ̀, òun ni ó sì wà lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí a ń rà nísinsìnyí. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ irú èyí tí òun ní, kí ó fi àkísà mímọ́ àti díẹ̀ nínú ìpara tí àwọn pẹ́ńtà fi ń ha òkú ọ̀dà, kí ó ra ibi kọ́lọ́fín kan lára ọkọ̀ náà. Bí àwọ̀ ọkọ̀ bá wá sára àkísà, kò sí kílíà níbẹ̀. Irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ ṣá, òkú rẹ̀ ni ó bo ààyè mọ́lẹ̀. Ẹ ra òkú náà kúrò, ẹ fi ìda ọkọ̀ pa á, ẹ óò rí i pé yóò tún dán, ẹ kò sì ná owó púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé kílíà ni ó ń ṣí, kò sí ìpara tí yóò lẹ̀ ẹ́ padà. A ní láti ha á dé ibi tí ó ti mú ṣinṣin, kí a sì tún odindi bọ́nẹ́ẹ̀tì tàbí òrùlé náà kùn. Kò di dandan kí a kùn gbogbo ọkọ̀ nítorí òrùlé kan.

Èyí tí a ti ń sọ bọ̀ yìí, làpálàpá ni. Ẹ̀tẹ̀ ni ìpẹtà. Púpọ̀ nínú ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni ó ti rìn ní ilẹ̀ òtútù, níbi tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú títì kí yìnyín lè yọ́. Iyọ̀ náà ń wọ abẹ́ ọkọ̀, ó sì ń mú kí irin tètè dípẹtà. Ooru gbígbẹ ti Kánò lè mú kí ìpẹtà náà falẹ̀, ṣùgbọ́n kò wò ó sàn. Ó wà ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ní ibi tí táyà ń gbé yí, lábẹ́ rọ́ọ̀gì, nínú búùtù, àti lára páìpù tín-ín-rín tí ń gbé epo bíréèkì lọ sí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Bí ọ̀dà bá wú bí ẹni pé omi wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ má ṣe pè é ní ọ̀rọ̀ ọ̀dà mọ́. Irin ni ó ń kú.

Kí ni a sì ń ṣe sí i? A ń fi pọ́tì dí i. A ti rí ibi tí wọ́n ti fi ìwé ìròyìn há ihò, tí wọ́n fi pọ́tì lẹ̀ ẹ́, tí wọ́n sì fi ọ̀dà bò ó. Ọjọ́ tí a gbé e jáde ó dára lójú. Ṣùgbọ́n omi yóò wọ inú pọ́tì náà, ìpẹtà yóò máa jẹun lọ lábẹ́lẹ̀, nígbà tí òjò ọdún kejì bá fi dé, ihò náà yóò ti fẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àtúnṣe tí ó yẹ ni kí a ha á dé ibi tí irin ti ń tàn, kí wẹ́dà gé ibi tí ó ti jẹ, kí ó jó irin tuntun mọ́ ọn, kí a fi ọ̀dà ìsàlẹ̀ kùn ún kí ó tó di ọjọ́ kejì, lẹ́yìn náà ni ọ̀dà aláwọ̀ yóò tó kàn.

Ẹ rántí ọ̀nà tí ó wà níwájú wa. Bí a bá gba Jẹ́bà, bí a bá sì gba Lọ́kọ́ja, ó lé ní 700 kìlómítà kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó fojú kan ilé. Ọ̀dà kì í mú bíréèkì. Nínú gbogbo iṣẹ́ akọ̀wé, èyí tí ó burú jù ni kí a kọ̀wé sí ilé pé ẹni tí ẹ ń retí kò ní dé mọ́. Ará ilé tí a ń tìtorí rẹ̀ kùn ọkọ̀, ojú wa ni ó fẹ́ rí, kì í ṣe ojú ọkọ̀.

Àwọn kan yóò wí pé a fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn pẹ́ńtà, tí àwọn mìíràn nínú wọn jẹ́ ọmọ wa. Rárá o. Iṣẹ́ tí ó tọ́ ni a fẹ́ kí a gbé fún wọn. Ẹni tí ó bá gbé ọkọ̀ lọ, kí ó wí fún ọ̀gá pé òun fẹ́ fojú rí irin kí ó tó fi pọ́tì kàn án. Kí ó má sì gbé e lọ nínú ọyẹ́, nítorí ìta gbangba ni wọ́n ti ń fín ọ̀dà, erùpẹ̀ yóò sì bà sí i kí ó tó gbẹ. Oṣù kẹwàá, nígbà tí òjò ti dá tí ọyẹ́ kò sì tíì dé, ni ó dára. Kí a sì bá àwọn ọ̀gá sọ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọṣẹ́. Kílíà tí a ń po oògùn mọ́ kí ó lè le ní kẹ́míkà isocyanate nínú, èyí tí ó lè fa ikọ́ fée. Áńkáṣíìfù tí wọ́n ń so mọ́ imú kò lè dá a dúró. Ìbòmú tí ó yẹ ni kí wọ́n rà fún wọn.

Àwọn mìíràn yóò wí pé ọkọ̀ tí ó ṣá kò pé owó lọ́jà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ọkọ̀ rà, abẹ́ ni ó ń kọ́kọ́ wò, ọ̀dà tuntun lára ọkọ̀ àtijọ́ a sì máa mú un fura. Bí a bá sì yí àwọ̀ ọkọ̀ padà, àwọ̀ tí ó wà nínú ìwé rẹ̀ kò bá a mu mọ́, a ní láti lọ tún un kọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀rọ̀ yóò di ti ọlọ́pàá lójú ọ̀nà.

Ohun tí kò gba owó ni a sì ń fojú fò. Ní àárọ̀ ọyẹ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ fi àkísà gbígbẹ nu ọkọ̀, erùpẹ̀ náà yóò ha á. Omi ni kí wọ́n kọ́kọ́ dà sí i; garawa kan lọ́wọ́ mai ruwa kò tó owó pẹ́ńtà. Ẹ má ṣe fi epo òyìnbó nù ún kí ó lè dán, nítorí erùpẹ̀ ni yóò lẹ̀ mọ́ ọn. Òjìji dogonyaro dára, ṣùgbọ́n ìgbẹ́ ẹyẹ ń jẹ ọ̀dà, ẹ fọ̀ ọ́ kúrò kí oòrùn tó yan án.

Ní ìparí, a ní àbá kan fún ìpàdé. Ẹni tí ó bá fẹ́ yá owó nínú àpò ẹgbẹ́ láti fi kùn ọkọ̀, kí ó kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì wá pé bíréèkì, táyà àti abẹ́ ọkọ̀ náà pé. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi tún irin ṣe, kí a tètè dá a lóhùn. Kí ẹ̀yin àgbà wa sì dákun dín ìyìn tí ẹ ń fún ọkọ̀ dídán ní gbàgede ìpàdé kù, nítorí ìyìn náà ni ó ń lé àwọn ọ̀dọ́ wọ gbèsè.

Ọkọ̀ tí ó ṣá tí ó sì gbé wa délé, ọkọ̀ iyì ni. Kí Ọlọ́run mú wa lọ ire, kí ó mú wa bọ̀ ire. Àmín.