Títóbi Kọ́ Ni Híhàn: Ìwé Ìkìlọ̀ fún Ẹni Tó Fẹ́ Ra Maikirosikóòpù

Ẹ̀yin olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ fẹ́ ra maikirosikóòpù fún ọmọ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ dá láàbù ìyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ nígboro, ẹ̀yin ni mo kọ ìwé yìí sí. Ìgbàgbọ́ kan ti ta gbòǹgbò láàárín wa, owó ló sì ń ná wa: pé maikirosikóòpù tó bá ń sọ nǹkan di ńlá jù ló ń ríran jù. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ẹnìkan bá fẹ́ wá ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, "2000x" ni yóò kọ́kọ́ tẹ̀. Àwọn ọlọ́jà ni yóò dá a lóhùn. Mi ò ní fepo bọyọ̀: irọ́ ni ìgbàgbọ́ náà.

Iṣẹ́ méjì ni maikirosikóòpù ń ṣe. Ó ń sọ ohun kékeré di ńlá, ó sì ń ya ohun méjì tó fara kínra sọ́tọ̀, kí ojú lè mọ̀ pé méjì ni wọ́n. Èkejì yìí ni ìríran gan-an, tí wọ́n ń pè ní "resolution" lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ fi fóònù ya àwòrán bàbá kan tó jókòó lọ́ọ̀ọ́kán, kí ẹ wá fìka méjì fa àwòrán náà kó fẹ̀. Ojú bàbá á tóbi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ ò ní lè sọ bóyá pélé ló kọ tàbí àbàjà. Ohun tí kámẹ́rà ò bá rí nígbà tó ń yà á, fífà kò lè mú un wá.

Ọdún 1873 ni onímọ̀ físíìsì Ernst Abbe ti parí ẹjọ́ yìí ní ìlú Jena, lórílẹ̀-èdè Jámánì. Ó fi hàn pé nǹkan méjì ló ń pinnu bí ohun tí lẹ́ǹsì lè yà sọ́tọ̀ ṣe máa kéré tó: gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀, àti bí ẹnu lẹ́ǹsì ṣe gbòòrò tó láti gba ìmọ́lẹ̀ tó ń fọ́n ká láti ara ohun tí à ń wò. Èkejì yìí ni wọ́n ń pè ní NA ("numerical aperture"). Ẹ fi ìlọ́po méjì NA pín gígùn ìgbì náà, ẹ ti rí ìdáhùn. Ẹ wo ìṣirò náà dáadáa: iye ìgbà tí nǹkan fi tóbi sí i kò sí níbẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ ká gbé maikirosikóòpù méjì síwájú ara wọn. Lẹ́ǹsì ìsàlẹ̀ ti àkọ́kọ́ jẹ́ 40x, NA rẹ̀ 0.65, lẹ́ǹsì òkè tí à ń fojú sí jẹ́ 25x. Ti èkejì jẹ́ 100x olóròóró, NA rẹ̀ 1.25, lẹ́ǹsì òkè 10x. Àwọn méjèèjì ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 1000. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé tí ìgbì rẹ̀ jẹ́ 550 nánómítà, àkọ́kọ́ kò lè ya ohun tí àlàfo wọn kò tó nǹkan bíi 420 nánómítà sọ́tọ̀; èkejì ń dé 220. Ìlọ́po kan náà, ìríran ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bó bá jẹ́ pé títóbi ni híhàn, ibo ni ìyàtọ̀ yìí ti wá?

Ẹ yí lẹ́ǹsì ìsàlẹ̀ ti èkejì yẹn wò, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára: 100/1.25 oil, 160/0.17. 100 ni ìlọ́po. 1.25 ni NA. 160 ni gígùn ọ̀pá maikirosikóòpù tí wọ́n ṣe é fún, ní mìlímítà. 0.17 ni nínípọn gíláàsì pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń bo ohun tí à ń wò, mìlímítà náà ni. "Oil" ń sọ pé kí ẹ kán òróró sáàárín lẹ́ǹsì àti súláìdì. Bí ìmọ́lẹ̀ bá jáde nínú gíláàsì bọ́ sínú afẹ́fẹ́, ńṣe ló máa ń tẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ á sì yà kúrò lẹ́nu lẹ́ǹsì. Inú òróró yìí, ó ń lọ tààrà bí ẹni pé gíláàsì ṣì ni. Nínú afẹ́fẹ́ lásán, NA kò lè kọjá 1.

Ẹni tó ń wá kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ mọ ìtumọ̀ èyí. Sẹ́ẹ̀lì pupa kan kò fẹ̀ ju máíkírómítà 7 tàbí 8 lọ, inú rẹ̀ ni kòkòrò náà wà, bí òrùka tín-ínrín tó ní ẹ̀kán kan lára. Òrùka yẹn ló yẹ kó yà sọ́tọ̀ kúrò lára ìdọ̀tí àró. Lẹ́ǹsì tí kò bá lè yà wọ́n lè mú kí wọ́n fún aláìsàn ní oògùn àìsàn tí kò ṣe é, tàbí kí wọ́n dá oníbà padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Àwọn kan á ní, "Bá a bá mú un tóbi dé ibì kan, ṣé a ò ní rí kòrónà ni?" Rárá o. Fáírọ́ọ̀sì náà jẹ́ nǹkan bíi 100 nánómítà, ó kéré sí ohun tí ìmọ́lẹ̀ lásán lè fi hàn wá bó ṣe rí. Maikirosikóòpù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ló ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn á mẹ́nu ba Eric Betzig, Stefan Hell àti William Moerner, tí wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2014 torí pé wọ́n ré ààlà Abbe kọjá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wọn kò fi lẹ́ǹsì tó ń sọ nǹkan di ńlá sí i ré e kọjá. Títan ìmọ́lẹ̀ mólékù àti pípa á ni ọgbọ́n tí wọ́n dá. Ẹ̀rí wọn tì mí lẹ́yìn ni.

Òfin tí àwọn onímọ̀ ń lò kò le: ìlọ́po tó wúlò kì í ju NA lọ́nà 1000 lọ. NA 1.25, ẹ má kọjá 1250. "2000x" tí wọ́n fi lẹ́ǹsì òkè 20x ṣe lórí lẹ́ǹsì ìsàlẹ̀ 100x yẹn, òfìfo ni gbogbo èyí tó lé.

Torí náà, ẹ yí ìbéèrè yín padà. Ẹ lọ sí ibi ìkówèésí orí íntánẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ ti ìmọ̀, bíi Molecular Expressions ti Florida State University, tàbí MicroscopyU ti Nikon. Ẹ tẹ "numerical aperture", ẹ tẹ "resolution". Ẹ kà á kẹ́ ẹ tó ná owó ọjà. Bẹ́ ẹ bá wá dé ọ̀dọ̀ ọlọ́jà, NA ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi í. Èyí tí kò bá lè sọ ọ́, ẹ má fowó yín lé e lọ́wọ́.